First Love àbí Distance: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nínú àwo orin Utada Hikaru?

First Love jáde ní Japan ní oṣù kẹta ọdún 1999, nígbà tí Utada, olórin ilẹ̀ Japan, ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ó tà ju mílíọ̀nù 7 lọ níbẹ̀. Orin mẹ́rin àkọ́kọ́ ló gbé e. Nínú “Automatic”, Utada ń gé ọ̀rọ̀ èdè Japan sí méjì láàárín kó lè bá ìlù R&B mu; etí tó mọ èdè náà ló máa kọ́kọ́ ta kìjí. “Movin' on without you” yára, ijó ni. “In My Room” rọ̀, ó kàn kọjá ni. “First Love” fúnra rẹ̀ ń rọra lọ lórí dùùrù títí ohùn fi gbéra sókè ní ègbè ìkẹyìn. Lẹ́yìn ìyẹn, “Never Let Go”, tó jókòó lórí gìtá “Shape of My Heart” ti Sting, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ló tún dá mi dúró. Ẹ fo “Automatic” onílù kíláàbù tó wà lópin. Kò bá ìyókù mu.

Distance (oṣù kẹta ọdún 2001) ló dọ́gba jù látòkèdélẹ̀. Jimmy Jam àti Terry Lewis, àwọn olùgbóhùnjáde orin ní Amẹ́ríkà, bá a ṣe “Wait & See”, báàsì rẹ̀ sì kún. “Can You Keep a Secret?” ni mo fi ṣe olórí. “Kettobase!” ń pariwo gìtá, ó dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: “Addicted to You” ibí kọ́ ni èyí tó dá jáde ní 1999, àtúntò ni. Bákan náà, “Distance” ibí yára. Èyí tó falẹ̀, “Final Distance”, wà nínú Deep River, àwo orin Utada ti 2002.