Ojú ọ̀nà pákó inú àbàtà: àgbéyẹ̀wò ìbẹ̀wò mi sí Lekki Conservation Centre

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń lọ sí Lekki Conservation Centre ní Èkó, afárá òkè igi ni wọ́n ń sáré lọ ya fọ́tò lórí rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn, nítorí afárá náà gùn tó mítà 401, ó sì ń mì débi pé okùn ni mo dì mú títí mo fi sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìsàlẹ̀ ni owó tí mo san ti tó owó, lójú ọ̀nà pákó tí wọ́n tẹ́ sórí àbàtà.

Láti ọdún 1990 ni wọ́n ti ń dáàbò bo igbó yìí, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, bí ilé tilẹ̀ ti yí i ká. Mo jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan létí omi tí ewé jíjẹrà ti sọ di dúdú bí aró. Afẹ́fẹ́ kì í pọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àrọ̀ ń gbé inú rẹ̀, nítorí pé ó lè yọrí sókè láti mí. Awọ́nríwọ́n kan na ara sórí ìtì igi, ó ń yá oòrùn. Afinimọ̀nà wa sọ pé ẹyin ọ̀nì wà lára ohun tí ó máa ń hú jẹ, ìdí sì nìyẹn tí abo ọ̀nì fi ń ṣọ́ ibi tó yé sí lójú méjèèjì. Ọ̀nì gan-an kò jáde lọ́jọ́ náà.

Lókè, àwọn ọ̀bọ ń jẹ èso, wọ́n ń ju àjẹkù sílẹ̀, èyí tí ẹtu máa ń wá ṣà jẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bọ náà já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ mi (ẹ̀bi tèmi ni, wọ́n ti kìlọ̀ fún wa), ó kó gbogbo rẹ̀ sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láì jẹ ẹyọ kan, ó sì gun igi lọ.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè dé láàárọ̀, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, àwọn kan ti ń fi fóònù kọrin lábẹ́ àtíbàbà náà, awọ́nríwọ́n sì ti wọ omi lọ.