ICD-11 orí íntánẹ́ẹ̀tì: mo ti lò ó dáadáa, ẹ wá gbọ́ tẹnu mi

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé ICD-11, ìwé kóòdù àìsàn tí mò ń pariwo ẹ̀ yìí, dára lóòótọ́ àbí mo kàn fẹ́ràn nǹkan tuntun ni, mo ní ẹ jẹ́ n jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi sinmi. Tí ẹ ò bá ní sùúrù láti kà á tán, 4 nínú 5 ni mo fún un, ẹ máa lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọsibítù: tí dókítà bá yẹ̀ yín wò tán, tó kọ ọ́ sínú fáìlì pé ibà ni tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, fáìlì yẹn ò parí síbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Àwa la máa sọ àìsàn yẹn di kóòdù, kí ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ n'Íbàdàn àti èyí tí wọ́n kọ ní Brazil lè jẹ́ nǹkan kan náà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kà wọ́n pọ̀. Àti 1948 ni ìwé kóòdù náà ti wà lọ́wọ́ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àmọ́ iṣẹ́ yẹn dàgbà ju WHO lọ, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Jacques Bertillon ló to àwọn ohun tó ń pa èèyàn ní 1893, látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń tún un ṣe títí tó fi kan ìkọkànlá yìí. Wọ́n fọwọ́ sí i ní 2019, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022. Níbi iṣẹ́ tiwa, ìkẹwàá, ìyẹn ICD-10, la ṣì fi ń ṣe ríkọ́ọ̀dù tó ń lọ sókè, a wá ń fi ìkọkànlá dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹni tó bá ti lo ìwé ìkẹwàá rí, á mọ ohun tí ojú wa rí. Ìwé gbàǹgbà mẹ́ta ni. Ẹ máa kọ́kọ́ ṣí ẹ̀kẹta wá orúkọ àìsàn náà, kí ẹ tún padà sí àkọ́kọ́ lọ wò ó bóyá òun náà ni. Ìkan ṣoṣo la ní fún èèyàn márùn-ún, ẹni tó bá tètè dé láàárọ̀ ló ni ín, ẹni tó bá pẹ́ á máa fi orí kọ kóòdù. Èyí tuntun yìí, orí fóònù ni mo ti ń lò ó, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò sanwó, ẹ ò forúkọ sílẹ̀. Àpótí kan wà lókè, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ sí i, tí ẹ bá ti tẹ "hypert" báyìí ló ti ń tò wọ́n sílẹ̀. Kóòdù inú ẹ̀ tó bíi 17,000, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fi wá wọn ju 120,000 lọ, ìyẹn ni pé ẹ lè tẹ "piles" bí àwa ṣe ń pè é, òun fúnra ẹ̀ á gbé yín dé ibi tí haemorrhoids wà. Ìṣẹ́jú tí mo máa ń lò lórí fáìlì kan ti dín kù gan-an, n ò ní parọ́.

Nǹkan míì tí mo gbádùn, wọ́n ti yọ lẹ́tà I àti O kúrò nínú kóòdù. Ẹ lè rò pé nǹkan kékeré ni. Nínú ìkẹwàá, I10 ni ẹ̀jẹ̀ ríru, O80 sì ni obìnrin tó bímọ wẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ IT tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ sí Excel á tẹ 110, wọ́n á tẹ odo níbi tó yẹ kó jẹ́ O, Excel á wá gbé odo mì, ló bá ku 80. Mo ti jókòó rí títí ilẹ̀ fi ṣú tí mò ń wá àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun tó sọnù sínú 80. BA00 ni ẹ̀jẹ̀ ríru báyìí, kò sí ìjà.

Àmọ́ Excel yẹn ò ní jẹ́ kéèyàn gbádùn. 1E51 ni kóòdù hepatitis, àrùn ẹ̀dọ̀, tó ti pẹ́ lára. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ Enter, ló bá di 1.00E+51. Ó rò pé ìṣirò ni mò ń ṣe! Èyí tó tiẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú ni pé 1E51.0 tó jẹ́ ti hepatitis B ò yí padà ní tiẹ̀, torí àmì (.) tó wà nínú ẹ̀, n ò sì tètè fura, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo tún tẹ̀. Ẹ sọ gbogbo ìlà yẹn di Text kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkankan o, mo bẹ yín. Ẹ̀bi Excel ni, kì í ṣe ti ICD, àmọ́ àwa náà la ń jìyà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá sọ èyí tó dìjà. Ibà. Nínú ìkẹwàá, B54 ni gbogbo wa ń kọ, a mọ̀ ọ́n bí àdúrà Olúwa. Dókítà kọ malaria, B54. Dókítà kọ malaria pẹ̀lú àmì ìbéèrè, B54. Kò sẹ́ni tó ń bi wá ní nǹkankan. Ìkọkànlá yìí ò gbà fún un. Tó bá jẹ́ falciparum, ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò ibà, ni láàbù rí, 1F40. Tẹ́nikẹ́ni ò bá ṣe àyẹ̀wò, tí wọ́n kàn wo ojú aláìsàn tí wọ́n sì fún un lóògùn, 1F45, orúkọ tó sì wà níwájú ẹ̀ gan-an ni pé ibà tí wọn ò fi àyẹ̀wò rí kòkòrò ẹ̀. Nígbà tí mo tẹ ìwé oṣù àkọ́kọ́ jáde, ìlà 1F45 gùn ju gbogbo ìlà tó kù lọ. Wọ́n kà á síta ní mítíìnì. Mítíìnì tú tán, dókítà kékeré kan tọ̀ mí wá.

"Aunty, ta ló ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Dókítà, ohun tẹ́ ẹ kọ ni mo kọ. Ẹ kọ malaria, mo tú fáìlì yẹn wò, n ò rí ríṣọ́ọ̀tù kankan ńbẹ̀."

"Ṣé ẹ ò wá lè fi B54 sílẹ̀ bó ṣe wà ni?"

Mo bá ṣí ìwé àtijọ́ fún un, mo fọwọ́ lé abẹ́ B54, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé ibà tí wọ́n fojú dá mọ̀ láìsí àyẹ̀wò ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọdún wo lèyí ti wà níbẹ̀? Mo ní kí wọ́n tó bí yín sẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín dénú.

Ibi tó ti ń rọ̀ mí lọ́wọ́ ni ti ẹsẹ̀ àti apá. Ẹ lè fi kóòdù mọ́ kóòdù báyìí, XK8G ni òsì, XK9K ni ọ̀tún, ìkẹwàá ò ní irú ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi títí tí fáìlì ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà fi dé, wọ́n kọ "# tibia" sí i, ìyẹn ni pé egungun ojúgun kán, ó tán. Ẹsẹ̀ wo? Mo rìn dé wọ́ọ̀dù lọ wo aláìsàn fúnra mi.

Mo tún tẹ "jẹ̀díjẹ̀dí" sí i lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ mi dilẹ̀. Òfo. Bẹ́ẹ̀ apá kan wà nínú ẹ̀ fún ìṣègùn ìbílẹ̀ o, apá 26, ti àwọn ará China, Japan àti Korea ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní 2025 wọ́n fi ti àwọn ará Íńdíà náà sí i. Àgbo tiwa ò tíì débẹ̀. Ìdí kan tí mo fi yọ máàkì kan kúrò nìyẹn, ẹ má bá mi jà.

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń yọ yín lẹ́nu, èyí tẹ́ ẹ lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ara yín wà, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ló gbé tiwa sí i, èmi ò lè ṣe é fúnra mi, ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ Monday tó kọjá, fáìlì mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ malaria sí ló wá sórí tábìlì mi. Ríṣọ́ọ̀tù láàbù wà nínú mẹ́fà, wọ́n tiẹ̀ fi pín-ìnnì há a mọ́ iwájú kí n má baà sọ pé n ò rí i. Mẹ́ta tó kù, mo kọ 1F45 sí wọn.