Oṣù mẹ́rin tí mo fi wá ìran ọkọ mi lórí FamilySearch

Ìyá ọkọ mi ló fà á. Nígbà tí mo bí ọmọ wa kejì, bàbá mi pè láti Ìbàdàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ lórí fóònù, wọ́n ń to àwọn bàbá ńlá lọ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Màámá, bí a ṣe ń pe ìyá ọkọ mi, jókòó tì mí. Ọmọ Selma ní Alabama ni wọ́n. Wọ́n ní kí ni bàbá mi ń sọ, mo ṣàlàyé. Wọ́n gbé ọmọ lé èjìká, wọ́n ní, "Èmi ò mọ ẹnì kankan kọjá bàbá tó bí bàbá mi."

Ìkànnì olówó kan tí wọ́n fi ń wá ìran ni mo kọ́kọ́ já sí, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, mo fi nọ́ńbà káàdì mi sílẹ̀, mo gbàgbé, wọ́n sì yọ owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn gan-an tún sàn. Bàbá tí wọ́n wá bá wa wá fún bàbá àgbà Màámá, ọmọ ọdún méje péré ni nígbà tí wọ́n bí "ọmọ" rẹ̀, Georgia ló sì ń gbé. Àwọn ènìyàn ti dà á kọ sínú ìtàn ìran tiwọn, láìbi ara wọn léèrè.

Ìgbà yẹn ni mo kọjá sí FamilySearch. Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè káàdì, àkáǹtì lásán lèèyàn máa ṣí. Ìjọ tí aráyé mọ̀ sí Mọ́mọ́nì ló ni ín, ní Salt Lake City ní Utah. Láti 1894 ni wọ́n ti ń kó ìwé ìran jọ, ní 2021 sì ni wọ́n parí sísọ fíìmù tí wọ́n fi ya àwọn ìwé náà, tó lé ní mílíọ̀nù méjì, di fọ́tò orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á wá máa wàásù fún mi. Títí di òní, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn.

Ìwé ìkànìyàn ni ibẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìjọba Amẹ́ríkà ń ka ènìyàn láti 1790, àmọ́ ó máa ń tó ọdún 72 kí wọ́n tó jẹ́ kí aráàlú rí orúkọ. Ti 1950 ló jáde kẹ́yìn, ní 2022. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń fà á lọ sẹ́yìn, kò sì le. Nínú ti 1900, bàbá àgbà Màámá jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní iwájú orúkọ ìyá rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ mẹ́sàn-án ló bí, márùn-ún ló wà láàyè. Mo ka ìlà yẹn tán, mo pa kọ̀ǹpútà dé fún alẹ́ ọjọ́ náà. Ti 1890, iná tó sọ ní Washington ní 1921 ti bà á jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ti 1880 ló wá sọ orúkọ àwọn òbí bàbá rẹ̀ fún mi.

Ní 1870, ọ̀nà dí. Ìkànìyàn yẹn ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ́ ẹrú tẹ́lẹ̀, kò sì sí ìdílé wa níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá wọn. Nígbà tó yá mo pa àpótí ìwárí tì, mo ṣí fọ́tò ìwé Dallas County, agbègbè tí Selma wà ní Alabama, mo ń kà á ní ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Wọ́n wà níbẹ̀! Akọ̀wé ayé ọjọ́un fi H bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wọn, àmọ́ ìrù rẹ̀ ló gùn, ẹni tó ṣe àtọ́ka, ìyẹn àkójọ orúkọ tí àpótí ìwárí ń wò, kà á sí K. Nítorí náà, ẹ má gbára lé àtọ́ka. Fọ́tò ìwé gan-an ni kẹ́ ẹ fojú ara yín kà.

Ọkọ, ẹni ogójì ọdún, lébìrà oko. Ìyàwó, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọmọ mẹ́rin. Wọ́n fàlà sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tí kò lè kàwé àti ẹni tí kò lè kọ̀wé. Màámá ń fi ìka tọ ìlà náà lọ lójú kọ̀ǹpútà títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n bí ìyàwó sí: Virginia. Wọ́n dúró síbẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ẹrú ni wọ́n kó láti irú ibẹ̀ wá sí àwọn oko òwú gúúsù kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì da ọ̀pọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ bí ẹran. Màámá ní bàbá àgbà àwọn máa ń sọ pé "ẹsẹ̀ la fi rìn wá síbí," àwọn sì rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Ṣáájú 1870, òkùnkùn ni. Ìwé ẹrú ti 1850 àti 1860 ò dárúkọ wọn: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara, lábẹ́ orúkọ olówó wọn. Ohun tó ṣèrànwọ́ ni ìwé Freedmen's Bureau, iléeṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1865 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti to orúkọ tó sún mọ́ mílíọ̀nù 1.8 nínú rẹ̀. Mo rí àdéhùn iṣẹ́ oko kan níbẹ̀ tí bàbá inú ìwé 1870 yẹn fi X fọwọ́ sí.

Láti 2024 ni wọ́n tún ti ní ìwárí kan tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ìwé àfọwọ́kọ fúnra rẹ̀. Ó gbé ìwé ogún kan jáde fún mi, tí wọ́n ti kọ ọmọbìnrin kan tó jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú obìnrin Virginia yẹn sáàárín ìbaaka àti ìkòkò, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Mi ò so ó mọ́ ìdílé wa. Orúkọ kan ṣoṣo ò tó ẹ̀rí. Mi ò sì tíì fi han Màámá.

Ẹ̀dùn ọkàn kékeré wà. Àwọn fọ́tò kan ní àmì kọ́kọ́rọ́ lára, wọn ò ní ṣí nílé. Ó di kéèyàn lọ sí ibùdó wọn tàbí láíbìrì tó bá wọn ní àjọṣe. Ìtàn ìran tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni lè wọlé kó tún un kọ, àyàfi ti ẹni tó ṣì wà láàyè. Ìdí nìyẹn tí èmi fi ní ìwé àkọsílẹ̀ tèmi nílé.

Bàbá mi ní kí n fi àwọn orúkọ náà ránṣẹ́, àwọn fẹ́ fi wọ́n kún oríkì ọmọ. Mo fi méje ránṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n pè padà, wọ́n ní báwo ni àwọn ṣe máa pe ti obìnrin Virginia.