Kẹ̀kẹ́ gígùn létíkun gúúsù Kúbà: ètò dára, kẹ̀kẹ́ ni kò dára

Bí ẹ bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gbafẹ́ ní Kúbà, ìlà oòrùn ni kí ẹ ti gbéra, kí ẹ máa gùn ún bọ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Iléeṣẹ́ tó bá èmi àti ọkọ mi ṣètò kọ́kọ́ fi wá sí òdìkejì, láti Manzanillo lọ sí Santiago de Cuba. A ní kò ní í ṣeé ṣe. Láti ìlà oòrùn ni atẹ́gùn sábà máa ń fẹ́ wá ní erékùṣù yẹn, ta ló fẹ́ máa bá a jà látàárọ̀ dalẹ́? Wọ́n yí i padà láì gba kọ́bọ̀ lé e, mo yìn wọ́n fún ìyẹn.

Bọ́ọ̀sì Viazul ló gbé wa láti Havana, kẹ̀kẹ́ wà ní búùtù. Láti Santiago dé Chivirico tó bíi kìlómítà 70, òkun lọ́wọ́ òsì, òkè Sierra Maestra lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ kò pọ̀ rárá. Lẹ́yìn Chivirico, òkun àti ìjì ti jẹ títì náà, afárá mìíràn ti wó, a sì ń ti kẹ̀kẹ́ gba inú odò olókùúta kọjá. Kò síbòji, kò sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé omi púpọ̀ dání. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ọ̀nà tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Òkè Turquino tó ga jù ní Kúbà, mítà 1,974, ń wò yín lókè bí ẹ ṣe ń lọ.

Casa particular la sùn sí, ìyẹn ilé àdáni tí ìjọba fún níwèé àṣẹ láti gbàlejò. Ìrẹsì, ẹ̀wà dúdú àti dòdò ni oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí ìyá onílé wa ní Santiago gbọ́ pé Yorùbá ni wá, ó fà wá lọ́wọ́ lọ síbi ojúbọ Yemayá, ìyẹn Yemọja tiwa, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì rẹ̀. Iná máa ń lọ léraléra, ẹ má gbàgbé tọ́ọ̀ṣì.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n yá wa ló bí mi nínú. Rọ́bà bíréèkì iwájú tèmi ti jẹ tán, irin ló ń ha wíìlì níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́. Wọn kò ní òmíràn. Ẹni tó ń lẹ táyà ní Chivirico ló gé ẹsẹ̀ táyà àtijọ́, ó fá a, ó fi wáyà so ó mọ́ ọn, bíréèkì náà sì ṣiṣẹ́ títí a fi parí ìrìn àjò. Ọwọ́ wọn dá ṣáṣá sí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀: láàárín ọdún 1990 sí 1995, nígbà tí epo Soviet dáwọ́ dúró, kẹ̀kẹ́ Ṣáínà tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n kó wọ̀lú. Ohun èèlò gan-an ni kò sí. Ẹ gbé bíréèkì, tíúbù àti ṣéènì tiyín lọ.

Láti December sí March ni kí ẹ lọ, òjò àti ìjì kò pọ̀ nígbà náà. Owó euro lọ́wọ́ ni kí ẹ mú, káàdì báńkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rò ó dáadáa: ẹni tó bá ti dé Kúbà láti 12 January 2021 kò lè fi ESTA, ìyẹn àṣẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọlé láì gba físà, wọ Amẹ́ríkà mọ́, físà ni yóò lọ gbà.