Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń wá píkọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀: sítíkà kọ́ ni fọ́-wíìlì

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka èyí. Àwọn kan wà nídìí ọkọ̀ títà báyìí tó jẹ́ pé gbájúẹ̀ ni wọ́n ń ṣe: píkọ́ọ̀pù tí fọ́-wíìlì rẹ̀ (4x4, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń wà á) ti kú, tàbí tí kò tilẹ̀ ní fọ́-wíìlì rárá, ni wọ́n ń tà lówó fọ́-wíìlì. Òjò ti dé, wọ́n sì mọ̀ pé àsìkò yìí gan-an lẹ ó wá.

Tacoma kan, píkọ́ọ̀pù Toyota, ni wọ́n wọ́ wá sí wọ́kṣọ́ọ̀bù wa. Bàbá olóko kòkó kan láti Ìdànrè ló ni ín. Ọkọ̀ ń dán gbinrin, sítíkà "4x4" wà lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bàbá ní ó rì sínú ẹrẹ̀, táyà ẹ̀yìn ń yí, ti iwájú dúró gbagidi. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Kò sí dífù (jíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) níwájú, kò sí púrọ́pẹ́là iwájú (ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ síwájú), kò sí ọ̀pá kankan tó lọ síbi táyà iwájú. PreRunner ni. Ọdún 1998 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú Tacoma yìí fún Amẹ́ríkà. Ó ga bíi ti fọ́-wíìlì, nọ́ọ̀tì táyà rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà bíi tirẹ̀, àmọ́ táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń wà á. PreRunner ò ṣe nǹkan kan o. Ẹni tó ṣí orúkọ yẹn kúrò lára ọkọ̀, tó lẹ sítíkà mọ́ ọn, òun ni kẹ́ ẹ bá wí. Nígbà tí Bàbá pe ẹni tó tà á fún un, ohun tó fọ̀ ni pé, "Ẹ̀yin náà lẹ fojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, Bàbá." Látìgbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́.

Èyí tó ní fọ́-wíìlì lóòótọ́, àwọn olùtajà yìí tún ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Lára Tacoma tó ń lo bọ́tìnì yíyí, ẹ̀rọ iná kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní mọ́tò, ló máa ń ti jíà wọlé níbi tíráńsífà (àpótí jíà tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn). Toyota kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ pé kí wọ́n máa wà á ní fọ́-wíìlì fún kìlómítà 16 ó kéré tán lóṣooṣù. Ta ló ń ṣe é? Ọkọ̀ tó ti ń rìn nínú ìlú láti ọdún pípẹ́, mọ́tò yẹn á gan. Bó bá ti gan, iná 4WD (iná fọ́-wíìlì) á máa ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ní dúró. Olùtajà ò ní tún mọ́tò ṣe. Rẹwáyà ló máa pè. Rẹwáyà á fa wáyà, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ti yí bọ́tìnì, iná á tàn rokoṣo, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti wọlé. Àwọn mìíràn á kúkú yọ gílóòbù. Bí púrọ́pẹ́là iwájú bá ń pariwo, wọ́n á tú bọ́ọ̀tì rẹ̀, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á fi gírísì bo ojú fílánjì tó ṣófo.

Nítorí náà, ẹ má wo iná. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n bá bá yín wá. Kí ó fi jáàkì gbé táyà iwájú méjèèjì, kí ó ki sítáǹdì bọ abẹ́ rẹ̀ (jáàkì nìkan ti pa èèyàn rí), kí táyà ẹ̀yìn wà nílẹ̀, kí òkúta ká a mọ́, kí ẹ fa hándíbùréèkì. Ẹ fi jíà sí niútírà, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ fi sí H4 (fọ́-wíìlì eré), kó wọlé, kí ẹ tó pa á. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ní họ́ọ̀bù táyà iwájú tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ẹ yí i sí LOCK. Ẹ wá fọwọ́ yí táyà iwájú kan. Bí fọ́-wíìlì bá mú, ìkejì á yí padà sẹ́yìn. Bó bá dúró jẹ́ẹ́ tí èyí tẹ́ ẹ mú ń yí fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀, irọ́ ni. L4 (fọ́-wíìlì alágbára tó ń rìn jẹ́jẹ́) náà ńkọ́? Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró pátá, jíà ní niútírà, kẹ́ ẹ tó fi sí i. Lórí iyanrìn ni kẹ́ ẹ ti dán an wò. Wọ́n á fẹ́ kẹ́ ẹ dán an wò lórí títì ọlọ́dà. Ẹ má gbà. Ní títì tó gún, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ ẹ bá sì ń yí sítíárì rẹ̀ lórí títì ọlọ́dà gbígbẹ nígbà tó wà ní H4, jíà lẹ ń bà jẹ́.

Bẹ́ ẹ bá wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹ fi òòlù kan ṣáásí díẹ̀díẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní dúdú. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ní Amẹ́ríkà máa ń jẹ irin. Lọ́dún 2016, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ ìpẹtà ṣáásí lórí Tacoma 2005 sí 2010 níbẹ̀.

Ẹ fi nọ́ńbà VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀) wo ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì àjọ NHTSA, tó ń rí sí ààbò ojú títì ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà ló sì máa ń sọ bóyá 4x4 ni.

Olùtajà tó bá ní ẹ ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Èyí tó bá gbà, kó kọ VIN sórí rìsíìtì, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé 4x4 ni, H4 àti L4 ń ṣiṣẹ́, kó buwọ́ lù ú. Bó bá di wàhálà, ìwé yẹn lẹ ó mú lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, tàbí ọlọ́pàá. Bàbá tí mò ń wí yìí, "One Toyota pickup" ni wọ́n kọ sórí tirẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn.