Ìkìlọ̀: ilé igi ẹ̀bá adágún Ullswater tí wọ́n fi gba owó lọ́wọ́ mi, tí kò sì sí fún yíyá rárá

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ó ti sinmi ní ìparí ọ̀sẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun ní ilé igi fún yíyá ní ẹ̀bá adágún Ullswater, ní agbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní Lake District. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ojú ni ó ń tì mí tí n kò fi tètè kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìbínú mi ti wá ju ìtìjú lọ báyìí.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, òru sì ni mo máa ń ṣe é. Bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi ń wà. Bí mo bá ti ń wọlé ní òwúrọ̀ ni àwọn ń jáde, ẹnu ọ̀nà ni a ti máa ń kí ara wa. Láti ìgbà tí a ti bí àwọn ìbejì wa, ọdún mẹ́fà nìyí, a kò tíì sun oorun alẹ́ méjì léraléra níbi tí kò ti sí igbe ọmọ tàbí aago iṣẹ́. Nígbà tí ìgbéyàwó wa fẹ́ pé ọdún mẹ́wàá nínú oṣù Kẹta ọdún 2025, mo pinnu pé èmi ni n ó ṣètò ìsinmi náà, tí Bàbá Ìbejì kò ní mọ ibi tí à ń lọ títí a ó fi wọ ọkọ̀. Mo gba òru mẹ́rin kún iṣẹ́ mi láti fi kó owó rẹ̀ jọ. Òru mẹ́rin gbáko ni mo fi ń gbé arúgbó dìde, tí mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn, tí ẹ̀yìn sì ń ro mí, kí ẹnì kan tó wá jókòó síbì kan kó owó náà lọ.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí mo rí ìpolówó náà lórí fóònù mi. Àwòrán mọ́kànlá ni ó wà níbẹ̀, mo sì lè kà wọ́n fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan títí di òní: ilé igi tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní pupa, òkè tí ó dúró gbọnin lẹ́yìn rẹ̀, omi adágún tí ó pa rọ́rọ́ níwájú rẹ̀, yàrá kékeré tí ààrò irin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú igi ìdáná tí wọ́n tò ti ògiri, àti lórí ààrò náà, kẹ́tù bàbà kan tí ikùn rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú lápá kan. Kẹ́tù yẹn gan-an ni ó tàn mí. Mo rò ó pé òpùrọ́ ì bá ti wá kẹ́tù tuntun tí ó ń dán. Kẹ́tù tí ó ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé tí ènìyàn ń gbé ní ti gidi ni yóò ti wá.

Obìnrin kan tí ó ní òun ń bójú tó ilé náà fún àwọn onílé ni ó ń dá mi lóhùn lórí WhatsApp. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó béèrè orúkọ àwọn ìbejì mi, ó bá mi yọ̀ nítorí ọdún mẹ́wàá wa, ó tilẹ̀ ní òun yóò fi òdòdó sórí tábìlì fún wa. Ó ní £480 ni òru méjì, ṣùgbọ́n bí mo bá san án tààrà sínú àkáǹtì, òun yóò gba £430, pẹ̀lú £150 tí wọn yóò dá padà fún mi ní ọjọ́ Ajé bí a kò bá ba nǹkan kan jẹ́. Mo fi £200 ránṣẹ́, mo fi £230 ránṣẹ́, mo tún fi £150 ránṣẹ́. £580 lápapọ̀! Ní ìgbà àkọ́kọ́, bánkì mi kọ ọ́ síwájú mi pé orúkọ tí mo tẹ̀ kò bá orúkọ tí ó wà lórí àkáǹtì náà mu. Mo bi obìnrin náà, ó ní orúkọ akọ̀wé owó àwọn onílé ni. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kí owó náà máa lọ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, n kò lè dá ẹlòmíràn lẹ́bi lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ta ni kò ní gbà gbọ́? Ó fi àwòrán àpótí kékeré tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà tí n ó fi ṣí i. Èmi kì í ṣe ọmọdé, n kì í sì í ṣe olójúkòkòrò.

Ní ọjọ́ Ẹtì náà, mo kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àǹtí kan ní ìjọ wa, mo di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ̀fọ́ rírò àti ẹran díndín sínú kúlà, a sì gba títì M6 títí dé ìyanà 40 ní Penrith, kí a tó yà sí títì A592 tí ó bá ẹ̀bá omi náà lọ. Òkè tí ó wà lápá Helvellyn, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 950, ṣì funfun lórí fún yìnyín. Ọkọ mi dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá títì, wọ́n wo omi náà títí, wọ́n wá ní, “Màmá Ìbejì, ṣé nítorí tèmi ni o ṣe gbogbo èyí?” Bí mo bá ti rántí ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, ọkàn mi á gbọgbẹ́.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, àwọ̀ ewé ni ilẹ̀kùn náà, kì í ṣe pupa. Kò sí àpótí kọ́kọ́rọ́ níbì kankan lára ògiri. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo sì rí kẹ́tù bàbà náà lórí ààrò, tòun ti ibi tí ó ti tẹ̀, ooru sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá àgbà òyìnbó kan jáde sí wa pẹ̀lú ajá wọn. Wọ́n ní àwọn kò yá ilé àwọn fún ẹnikẹ́ni rí, pé àwa ni tọkọtaya kẹta tí yóò gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà àwọn láti ìgbà ọdún Kérésìmesì. Mo ní irọ́ ni. Mo na fóònù sí wọn lójú, mo pariwo lé ẹni tí ó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, mo ní wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Ọkọ mi ni wọ́n dì mí mú. Bàbá náà kò bínú. Wọ́n ṣàlàyé pé ìgbà tí ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ilé náà fẹ́ tà á ni wọ́n ya àwọn àwòrán wọ̀nyẹn, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì pupa, àti pé ẹni náà ni ó fi ààrò àti kẹ́tù sílẹ̀ fún àwọn. Mo pe nọ́ńbà obìnrin yẹn níwájú wọn. Kò wọlé mọ́. Àwòrán ojú rẹ̀ ti kúrò lórí WhatsApp. Olè ni! Olè aláìláàánú tí ó béèrè orúkọ àwọn ọmọ mi!

Òjò bẹ̀rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni a ti jẹ ìrẹsì tútù náà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní Glenridding, níbi tí a ti ń wo èbúté ọkọ̀ ojú omi tí ó ti ń ná adágún náà láti ọdún 1859, èyí tí mo ti ṣèlérí fún ara mi pé a ó wọ̀ ní ọjọ́ kejì. Yàrá kan tí a rí ní Penrith gba £96 lọ́wọ́ wa fún òru kan ṣoṣo, a sì padà sílé ní àárọ̀. Ọkọ mi kò bá mi wí. Ì bá sàn fún mi bí wọ́n bá bá mi wí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka òfin tí ó yẹ kí n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, dandan ni fún bánkì ní ilẹ̀ yìí láti dá owó padà fún ẹni tí wọ́n bá tàn láti fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan sí òmíràn nínú orílẹ̀-èdè yìí, títí dé £85,000, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè yọ £100 nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́tàlá ni ènìyàn ní láti fi ẹjọ́ sùn. Ẹni tí ó fi àìbìkítà tí ó burú jáì ṣe é ni wọ́n lè kọ̀ fún, ìyẹn gan-an ni bánkì mi sì ń dì mọ́, pé àwọn ti kìlọ̀ fún mi nípa orúkọ náà. Wọ́n ní àwọn ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè fi í falẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 35. Bí wọ́n bá kọ̀, n ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, àwọn tí ń parí ìjà láàárín bánkì àti oníbàárà, tí wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.

Ohun tí mo lè sọ fún yín kò pọ̀. Ẹ fi àwòrán ilé wá a lórí Google kí ẹ tó sanwó. Nígbà tí mo padà ṣe é, kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi rí ìpolówó títà ilé náà. Ẹ fi káàdì àwìn (credit card) sanwó, nítorí òfin ọdún 1974 lórí àwìn mú bánkì káàdì náà ní onígbọ̀wọ́ fún ohun tí iye rẹ̀ bá ju £100 lọ. Bí orúkọ kò bá bá àkáǹtì mu, ẹ dúró níbẹ̀. £7 ni HM Land Registry, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń kọ orúkọ àwọn onílé àti onílẹ̀ sílẹ̀, ń gbà láti fi orúkọ onílé hàn yín. Bí owó bá ti lọ, ẹ pe 159 lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà náà yóò so yín mọ́ bánkì yín.

Èmi kò gba ẹni tí ń tajà lórí fóònù gbọ́ mọ́. N kò bìkítà bí ó ṣe jẹ́ ọmọ ìyá wa tí ń ta gèlè tàbí òyìnbó tí ń yá ilé. Bí n kò bá lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò ní rí owó mi. Mo sì bínú sí ìkànnì tí ó gba owó ìpolówó lọ́wọ́ olè, tí mo fi ẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì dá mi lóhùn pé ìpolówó náà kò tako òfin àwọn.

Ní àárọ̀ yìí ni mo tún rí i. Wọ́n ti pa orúkọ ilé náà dà, wọ́n ti dín àwòrán rẹ̀ kù sí mẹ́jọ, wọ́n sì ń pe àwọn tọkọtaya fún ọdún Àjíǹde, £410 fún òru méjì. Kẹ́tù bàbà tí ó ti tẹ̀ náà ṣì wà nínú àwòrán kẹta. Bí ẹ bá rí i, ẹ má san nǹkan kan, ẹ fi àwòrán ìpolówó náà ránṣẹ́ sí mi kí n fi kún èyí tí mo ti kó fún àwọn ọlọ́pàá.