Ihò àpáta tí wọ́n ní gbogbo èèyàn lè wọ̀: àtẹ̀gùn mẹ́ta ló dá mi dúró

Bí ibẹ̀ ṣe rẹwà tó, ẹ ti rí i nínú àwòrán. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 11 rèé tí mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn. Kí n tó lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ tí ihò àpáta náà wà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè wọ́n. Mo ní kẹ̀kẹ́ mi fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 66, ṣé ó lè wọ inú ihò àpáta yẹn dé òpin? Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ gbé fóònù ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, gbogbo èèyàn ló ń wọ̀ ọ́." Obìnrin tó gbé e lẹ́ẹ̀kejì tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, a ní lífíìtì." Ọ̀rọ̀ lífíìtì yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ tí èmi àti àbúrò mi obìnrin fi san owó tíkẹ́ẹ̀tì.

N ò ní purọ́ mọ́ wọn, òkè ilẹ̀ dára. Ibi ìgbọ́kọ̀sí àwa akàndá ò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ rẹ̀ le dáadáa, kò sí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń gbé táyà mì. Ilé ìtọ̀ wọn fẹ̀ débi pé mo yí kẹ̀kẹ́ po nínú rẹ̀. Lífíìtì náà ń ṣiṣẹ́, bọ́tìnnì rẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè tó. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé.

A ò tíì rìn ju ìṣẹ́jú 10 lọ nísàlẹ̀, àwa bí ogún, tí mo fi rí wọn. Àtẹ̀gùn mẹ́ta, oníṣìmẹ́ńtì, ó há sáàárín ògiri àpáta méjì. Mo dúró. Kí n tó la ẹnu, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ kan ti bọ́ sẹ́yìn mi, ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó ní, "Kò le, a ó gbé mọ́mì kọjá." Kó tó sọ ọ́ tán, táyà iwájú ti kúrò nílẹ̀. Ọrùn mi fì sẹ́yìn, báàgì mi já bọ́, òrùlé àpáta ni ojú mi ń wò. Mo figbe ta pé kó gbé mi sílẹ̀. Ohùn mi gba gbogbo inú ihò náà kan, ó tún padà wá bá mi. Àwọn tí a jọ wọlé yíjú padà, wọ́n ń wò mí bíi pé èmi ni mo dí wọn lọ́nà.

Ẹni tí kò bá mọ̀, kó gbọ́: kẹ̀kẹ́ yìí, ara mi ni. Ẹni tó bá dì í mú láìbéèrè, ara mi ló dì mú. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù rinrin, omi ń kán sí i láti òkè, irin ara táyà tí mo ń fọwọ́ yí ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn bá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn kejì ńkọ́? Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní gbogbo èèyàn. Ó ní wọ́n máa ń gbé èèyàn kọjá níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣàròyé rí. Mo ní kó lọ pe ọ̀gá rẹ̀ wá.

Ẹni tó wá kì í ṣe ọ̀gá. Ìyá kan ni, ọ̀kan nínú àwọn afinimọ̀nà. Ó lóṣòó kí ojú rẹ̀ àti tèmi lè ṣe déédéé, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ má bínú. Ṣé kí n fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ yín, àbí kí n má fọwọ́ kàn án?" Láti àárọ̀, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí.

Ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn máa kó àwọn yòókù lọ. Ó wá sọ òótọ́ fún mi: lẹ́yìn mẹ́ta yìí, àtẹ̀gùn 14 míì wà, ọ̀nà tó sì wà lẹ́yìn wọn fún ju kẹ̀kẹ́ mi lọ. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i. Ó ní sẹ̀ntímítà kan tí ọ̀nà bá fi ga, 12 ló yẹ kó fi gùn. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ga ní 17, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 51, ìyẹn á gba ju mítà 6 lọ, àyè tó wà kí èèyàn tó dé kọ́nà ò sì tó mẹ́ta. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n gbẹ́ àpáta, àwọn òkúta tó rọ̀ láti òkè yẹn kì í sábà fi mìlímítà kan gùn lọ́dún. Èyí tí wọ́n bá gé, ó gé nìyẹn. Mo gbà fún un. N ò wá síbẹ̀ kí wọ́n fọ́ àpáta nítorí mi. Irọ́ orí fóònù ló ń dùn mí.

Ó wá lọ mú ọ̀kan nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ tó ti ṣẹ́ látọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n tọ́jú fún àwọn afọ́jú tó bá wá, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó wúwo, ó tutù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, ojú ibi tó ti ṣẹ́ sì rí ṣákaṣàka bí iyọ̀. Òrùka lé òrùka ló wà nínú rẹ̀ bí ìdí igi tí wọ́n gé. Ó ní ṣé kí òun pa iná. Mo ní kó pa á. N ò rí irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ rí. Omi kan ń kán lápá ọ̀tún, tó, tó. Òmíràn ń kán níwájú, ohùn tiẹ̀ nípọn torí inú adágún ló ń bọ́ sí. Ó ní kí n tẹ́tí, ìkẹta wà. Mo gbọ́ ọ. Omi bọ́ lójú mi, mo jẹ́ kó bọ́.

Nígbà tí a ń jáde, gbogbo ẹni tó ń jáde ló ń tẹ orí ẹní tí wọ́n rẹ oògùn apakòkòrò sí, nítorí èbu funfun tó máa ń hù sí imú àdán. Ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ìpínlẹ̀ New York, ó ti pa àdán lọ́nà mílíọ̀nù, bàtà èèyàn sì lè gbé e láti ihò kan dé òmíràn. Ẹní yẹn ò gùn tó láti kan gbogbo ara táyà. Ìyá yìí kúnlẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n máa yí i síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fọ gbogbo rẹ̀ yí ká, àti táyà kékeré iwájú. Kò sí ihò tí mo dé rí tí ẹnikẹ́ni ti rántí táyà.

Máníjà òkè fẹ́ fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Mo ní kó fi lélẹ̀, kó kọ iye àtẹ̀gùn àti ìwọ̀n ọ̀nà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ihò àpáta Carlsbad Caverns ní Amẹ́ríkà, lífíìtì ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ tó mítà 230, àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń fún àlejò sì fi ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà hàn. Máníjà ní àwọn á wò ó. Ọjọ́ 12 ti kọjá, "gbogbo èèyàn" ni wọ́n ṣì kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má bi wọ́n bóyá kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ẹ bi wọ́n pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà, níbo sì ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á ti yí padà.

Àbúrò mi ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀ kan. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ ti ìyá yẹn.